Ẹ Má Fi Ìkẹ́ Dá Àgbà Jókòó

Lọ́dún 1992, àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ agboolé kan bọ́ sí òmíràn ní àdúgbò Ìdíkàn, wọ́n ń wá àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, tó di olóògbé lọ́dún 1995, ló ṣáájú wọn ní Ìbàdàn. Hugh Hendrie ló ń ṣe kòkáárí irú iṣẹ́ kan náà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí àrùn tó ń mú àgbà ṣarán, tó ń gba ìrántí àti làákàyè lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀díẹ̀, ṣe wọ́pọ̀ tó níbi méjèèjì. Wọ́n tọ 2,459 àgbà lẹ́yìn ní Ìbàdàn àti 2,147 ní Indianapolis, gbogbo wọn ló sì jẹ́ ẹni tí àrùn náà kò tíì mú nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2001: nínú ọgọ́rùn-ún àgbà, 1.35 ni àrùn náà ń mú lọ́dún kan ní Ìbàdàn, 3.24 sì ni ti Indianapolis. Tiwọn ju ìlọ́po méjì tiwa lọ.

Ó rọrùn láti gbọ́ èyí kí orí wa wú, kí a sọ pé ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ló lágbára. Ìwádìí náà gan-an kò gbè wá lẹ́yìn nínú ìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi mú Indianapolis mọ́ Ìbàdàn ni pé ìran Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ baba ńlá àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, kí a lè wo ohun tí ibùgbé àti ìgbé ayé ń ṣe sí àwọn tó bára wọn tan. Wọ́n tilẹ̀ wo àmì àbínibí kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní APOE4, èyí tó ń fa àrùn náà sún mọ́ ènìyàn níbòmíràn. Wọ́n bá a lára àwọn Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò le lára wọn bíi ti ibòmíràn. Ohun tó yàtọ̀ gedegbe ni ara àwọn ènìyàn náà: àwọn àgbà Ìbàdàn kò sanra tó àwọn ti Indianapolis, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò sì wọ́pọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé bóyá ńṣe ni àwọn ẹbí fi aláìsàn pamọ́, tàbí pé àwọn tí ì bá ṣarán ti kú kí wọ́n tó dàgbà tó. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Àmọ́ ìdánwò tí wọ́n lò ní apá tí wọ́n fi ń bi ará ilé léèrè nípa ìṣesí àgbà náà, wọ́n sì tò ó kí àìmọ̀wé má baà mú ẹnikẹ́ni fìdí rẹmi. Nítorí pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sínú àrùn ni wọ́n sì ń kà lọ́dọọdún, ikú àwọn tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ kò lè ṣàlàyé gbogbo àlàfo náà. Èrò tèmi ni pé ìṣesí ojúmọ́ wà lára ohun tó dáàbò bo ọpọlọ àwọn àgbà Ìdíkàn, pé ìṣesí náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa, àti pé ọ̀kan lára ohun tó ń gbà á lọ́wọ́ wa ni ìkẹ́ tí à ń kẹ́ òbí wa.

Kí a tó dé orí ìkẹ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí ọpọlọ ń fẹ́. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń lo nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń ná nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn lọ bá a, àwọn iṣan tó sì ń gbé e dé inú lọ́hùn-ún tín-ín-rín bí irun orí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fi agbára lu ara iṣan wọ̀nyí lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, wọn a le, wọn a fún, òmíràn a dí pátápátá. Ibi tí ó bá ti dí, ìwọ̀nba ọpọlọ tó wà níbẹ̀ a kú, ẹni tó ni ín lè má mọ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń di rọpárọsẹ̀ tí ayé ń rí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé nínú gbogbo ìṣesí tí ènìyàn lè fi dáàbò bo ọpọlọ, wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú. Lára àwọn àgbà Ìbàdàn kan náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 2011 pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru wà nínú ewu ìṣarán ju àwọn yòókù lọ. Nínú ìwádìí SPRINT ní Amẹ́ríkà, tí 9,361 ènìyàn wà nínú rẹ̀, wọ́n fi oògùn fa nọ́ńbà òkè ẹ̀jẹ̀ àwọn kan wálẹ̀ kọjá 120, ti àwọn yòókù wá sí ìsàlẹ̀ 140. Àwọn tí wọ́n fà wálẹ̀ jù ló bọ́ lọ́wọ́ ìgbàgbé tó máa ń ṣáájú ìṣarán: tiwọn fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù. Ìyàtọ̀ ti ìṣarán gan-an kò tó èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà lé, ó sì tọ́ kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro wa ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ènìyàn. Orí lè má fọ́, òòyì lè má kọ́ni, kí nọ́ńbà sì wà ní 180. Nítorí náà ni ẹni tí dókítà fún ní oògùn ṣe ń lò ó fún oṣù kan, tí ara rẹ̀ bá yá, a gbé e sílẹ̀, a ní òun kò lè sọ oògùn di oúnjẹ. Àwọn mìíràn a fi àgbo rọ́pò rẹ̀. Èmi kò bá ewé jà, ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá wọ̀n, a kò mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́; ẹni tó bá gbà pé àgbo ń ṣe é lóore, kí ó ṣì máa jẹ́ kí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó gba ohun tí ẹ̀rọ bá sọ, kí ó má sì dá oògùn dókítà dúró fúnra rẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé oògùn lè fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù, kí àgbà dìde kí ó sì ṣubú. Òtítọ́ ni pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àgbà náà lórí ìjókòó, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lórí ìdúró, kí dókítà sì bu oògùn náà bó ṣe yẹ ẹ́. Kí a dín iyọ̀ àti magí inú ọbẹ̀ kù pẹ̀lú. Ìyẹn kò ná ẹnikẹ́ni lówó.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìkẹ́. Láwùjọ wa, ọmọ tó yàn, tó yanjú, a máa fi í hàn nípa pé ìyá rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan mọ́. Wọ́n kó ìsọ̀ ìyá kúrò lọ́jà, wọ́n gba ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa dáná, wọ́n ra àga tìmùtìmù àti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní kí màámá sinmi. Bí màámá bá fẹ́ gbálẹ̀, gbogbo ilé a pariwo pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, mà!” Bàbá tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ kírun ìdájí ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n wá awakọ̀ tí yóò máa gbé e lọ. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é, n kò sì ní bu ìfẹ́ kù. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí a gbà lọ́wọ́ àgbà náà pẹ̀lú ìsọ̀ yẹn. Obìnrin tó ń ta ata tàbí aṣọ lọ́jà ń ṣírò owó láìsí ìwé, ó ń rántí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè àti iye tí onítọ̀hún ti san, ó ń wojú oníbàárà kí ó tó dá a lóhùn, ó mọ ìgbà tí ọjà yóò wọ́n àti ìgbà tí yóò pọ̀, ó ń lọ sípàdé ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ó ń pẹ̀tù sí ìjà, ó ń dá àjọ. Iṣẹ́ ọpọlọ ni gbogbo rẹ̀, láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, fún ogójì ọdún. Ọjọ́ kan ṣoṣo la gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fi fíìmù rọ́pò rẹ̀. Gbogbo wa la máa ń pa á lówe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà inú òwe yẹn, ọjà ló wà, kì í ṣe inú yàrá.

Ìrìn ẹsẹ̀ gan-an ní ohun tó ń ṣe fún ọpọlọ tí a lè fi ẹ̀rọ rí. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí 120 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 55 sí 80. Ìdajì wọn ń rin ìrìn kánmọ́kánmọ́, tí wọ́n sún un díẹ̀díẹ̀ dé 40 ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọdún kan. Ìdajì yòókù kàn ń na ara. Ibi kan wà nínú ọpọlọ tó ń bá wa tọ́jú ohun tuntun tí a bá gbọ́ tàbí tí a bá rí, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí àrùn ìṣarán kọ́kọ́ máa ń bà jẹ́. Lára àwọn tó rìn, ibẹ̀ fi nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i. Lára àwọn yòókù, ó sún kì. Ogójì ìṣẹ́jú kò ju ìrìn àlọ àti àbọ̀ láti ilé dé ọjà tàbí dé ilé ìsìn lọ fún ọ̀pọ̀ àgbà, ìyẹn èyí tí a wá awakọ̀ fún.

Ní ti eré àti ijó, ìwádìí kan tó jáde ní New York lọ́dún 2003 tọ 469 àgbà tó ti lé ní 75 ọdún lẹ́yìn. Àwọn tó ń kàwé, tó ń ta eré orí ọpọ́n, tó ń lu ohun èlò orin tàbí tó ń jó ni àrùn náà kò mú tó àwọn yòókù. Nínú gbogbo eré ìdárayá tí wọ́n wò, ijó nìkan ló yọrí báyìí. Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n, ihò 12 àti ọmọ ayò 48, tó mọ bí ọ̀tayò ṣe ń ka ọmọ inú ihò alátakò láì fọwọ́ kàn án, yóò mọ̀ pé a kò ní láti wá eré kọ̀ǹpútà kiri. Níbi yìí ni àtakò tó le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ṣé eré ló ń dáàbò bo ọpọlọ ni, àbí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti ń yẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fi eré sílẹ̀? Àwọn onímọ̀ New York ro èyí, wọ́n yọ àwọn tó jọ pé àrùn náà ti ń bá wọn bọ̀ kúrò nínú ìṣírò, èsì náà sì dúró síbẹ̀. Ìyẹn kò pa àtakò náà pátápátá. Ìdí tí mo fi fara mọ́ ọn ni ìwádìí FINGER ní Finland, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ gègé láti pín 1,260 ènìyàn, ọmọ ọdún 60 sí 77, sí ọ̀nà méjì. Nígbà tó jẹ́ pé gègé ló pín wọn, a kò lè sọ pé àwọn tí ọpọlọ wọn pé ló yan eré ìdárayá. Àwọn tí wọ́n fún ní oúnjẹ tó dára, eré ìdárayá, iṣẹ́ ọpọlọ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ pọ̀ fún ọdún méjì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n kàn gbà nímọ̀ràn lásán. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ ló ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ kí a kíyè sí ìyẹn, nítorí ayé ọlọ́jà tí mo kà sílẹ̀ lókè yìí, ìrìn, ìṣírò àti ọ̀rẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà kankan kọ ọ́ fún un.

Àwọn ọmọ yóò béèrè pé, “Kí ni aráyé yóò sọ bí ìyá wa ọlọ́dún 75 bá ṣì ń jókòó sí ìsọ̀?” Ìtìjú yìí wúwo, ó sì nídìí, nítorí àwọn àgbà wà lóòótọ́ tí ebi ló ń lé wọn dọ́jà, tí ẹrù ti ba ọ̀pá ẹ̀yìn wọn jẹ́. N kò sọ pé kí a dá ìnira padà fún ẹni tó ti bọ́. Ẹrù ni kí a gbà lọ́wọ́ àgbà, kí a fi ìpinnu sílẹ̀ fún un. Ẹlòmíràn lè ru àpò ìrẹsì. Kí ìyá dá iye tí wọn yóò tà á, kí ó máa gba owó, kí ó máa kọ́ ọmọ iṣẹ́. Nínú ilé, ọmọ ọ̀dọ̀ lè gún iyán; kí ìyá ṣa ewédú, kí ó tọ́ ọbẹ̀ wò, kí ó sọ ohun tí a óò jẹ lọ́la. Bí ìdílé bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, kí bàbá jẹ́ ẹni tí wọ́n ń bi léèrè ìtàn ẹbí àti ẹni tó yẹ kí wọ́n fìwé ránṣẹ́ sí, kí a má dúró dìgbà tí a bá fẹ́ kí ó gbàdúrà nìkan.

Etí àti ojú tún wà níbẹ̀, a kì í sì í kà wọ́n mọ́ ọpọlọ. Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ kà á lọ́dún 2024 pé ohun 14 ni a lè ṣàtúnṣe sí kí ìṣarán lè dín kù tàbí kí ó pẹ́ kí ó tó dé, wọ́n sì fojú bù ú pé bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò, a lè dènà tàbí sún síwájú nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Etí dídi wà lára àwọn tó gba ìdá tó tóbi jù. Ojú tí kò ríran tí a kò tọ́jú náà wà níbẹ̀, àti àìrẹ́nibáṣepọ̀. Àgbà tí kò gbọ́ràn mọ́ a máa rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù bá rẹ́rìn-ín, títí yóò fi sú àwọn ọmọ láti máa tún ọ̀rọ̀ sọ. Lẹ́yìn náà wọn a máa sọ̀rọ̀ rékọjá orí rẹ̀, òun náà a sì dákẹ́. Nígbà mìíràn ìdọ̀tí tó dì mọ́ etí lásán ni, tí nọ́ọ̀sì lè fọ̀ kúrò. Ìwádìí ACHIEVE, tó jáde lọ́dún 2023, fún àwọn ènìyàn ọlọ́dún 70 sí 84 ní ẹ̀rọ tí à ń fi sétí. Láàárín gbogbo wọn kò sí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n láàárín àwọn tí ewu wọn pọ̀ jù, bí ọpọlọ ṣe ń lọ sẹ́yìn fi ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún falẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹ̀rọ náà wọ́n púpọ̀ fún wa. Kí a sún mọ́ àgbà, kí a kọjú sí i, kí a pa tẹlifíṣọ̀n, kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn kò wọ́n.

Àìrẹ́nibáṣepọ̀ yìí ló mú kí ọ̀rọ̀ gbígbé òbí wá sí ìlú ńlá máa kọ mí lóminú. A gbé ìyá láti Ìsẹ́yìn tàbí Ìkìrun wá sí ilé alájà ní Lekki, tàbí sí London láti wá bá wa tọ́mọ, níbi tí otútù ti há a mọ́lé. Iná ò ṣẹ́jú níbẹ̀, dókítà wà nítòsí. Láti aago méje òwúrọ̀ títí di alẹ́, kò sí ẹni tí yóò kí i, “Ẹ kú òwúrọ̀, Ìyá Àlàbá.” Nílé, ogún ènìyàn ló ń kí i kí ó tó fọ ẹnu, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ọmọ ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ó tó lè dáhùn. Bí ó bá di dandan kí ó wá, ìbéèrè àkọ́kọ́ kò yẹ kó jẹ́ yàrá wo ni yóò máa sùn, bí kò ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí wo ló lè fẹsẹ̀ rìn dé, ẹgbẹ́ wo ni yóò máa lọ, ta ló ń sọ èdè rẹ̀ ládùúgbò.

Oúnjẹ kò gba àlàyé gígùn. Ewédú, ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ẹja tí àwọn àgbà wa ń jẹ ni ìmọ̀ ìṣègùn ń gbani nímọ̀ràn rẹ̀ báyìí. Ìndómì, bisikíìtì àti mínírà tí a fi ń ṣe wọ́n lálejò ni kì í ṣe tiwọn. Ní Bràsíl, wọ́n tọ 10,775 ènìyàn lẹ́yìn fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ: àwọn tí irú oúnjẹ ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún oúnjẹ wọn lọ, ọpọlọ wọn lọ sẹ́yìn yára ju ti àwọn tí kò jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Oorun náà, kí ó tó wákàtí méje ó kéré tán. Bí àgbà kò bá rí oorun sùn, kí a má fún un ní Piriton láti fi sùn. Oògùn yẹn a máa da ìrònú àgbà rú.

Ó ku àwọn tó gbà pé ogbó lásán ni gbogbo rẹ̀, pé àgbà tó bá pẹ́ láyé yóò ṣarán dandan. Ìdíkàn ti dá wọn lóhùn: ọ̀pọ̀lọpọ̀ ló dàgbà níbẹ̀ tí wọn kò ṣarán. Ìgbàgbọ́ yìí ń ṣe ibi méjì. Ó ń jẹ́ kí a fi àìsàn tó gbóògùn sílẹ̀, nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ibà, àrùn inú ìtọ̀, àti oògùn tí kò bára mu lè mú kí àgbà máa sọ ìsọkúsọ, kí ó sì padà bọ̀ sípò bí a bá tọ́jú rẹ̀. Nítorí pé kò jẹ́ kí a pè é ní àrùn, ó tún ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí kò gbà pé ogbó ni, tí wọ́n gbà pé àjẹ́ ni. Ìyá àgbà tó ń rìn gbéregbère lóru, tó ń sọ̀rọ̀ tí kò bára mu, wọ́n a ní ó ti ń jẹ́wọ́, wọ́n sì ti lu irú wọn, wọ́n ti lé irú wọn jáde nílé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́. Aláìsàn ni ìyá yẹn, ilé ìwòsàn ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ.

Bí ẹnì kan bá sì sọ pé ó ti pẹ́ jù fún òbí òun, kí ó padà wo ọjọ́ orí àwọn tí mo mẹ́nu bà: ẹni 77 ọdún wà nínú àwọn ti Finland, ẹni 80 wà nínú àwọn tó rìn, ẹni 84 wà nínú àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí létí. Fún ẹni tí àrùn náà ti mú, ìṣesí wọ̀nyí kò lè dá ìrántí tó ti lọ padà. Síbẹ̀ òun náà ṣì lè ṣa ewédú, ó ṣì lè jó sí orin ìgbà èwe rẹ̀, ó ṣì mọ̀ ọ́n lára bí ẹnì kan bá jókòó tì í.